Bọ́ọ̀sì tó ń pariwo ò bà mí lẹ́rù: ọ̀rọ̀ Zanjeer tí wọ́n tún ṣe

Ẹni tó bá wo fíìmù Índíà dáadáa láyé kásẹ́ẹ̀tì fídíò á mọ Zanjeer, èyí tó jáde ní 1973, kódà bí kò bá rántí orúkọ ẹ̀ mọ́. Òun ni fíìmù tí ọlọ́pàá kan ti fẹsẹ̀ ta àga dànù kí ọ̀daràn tó fẹ́ jókòó tó ráyè fìdí kàn án. Ó dá mi lójú pé ẹ ti rántí báyìí. Amitabh Bachchan ni ọlọ́pàá yẹn, Pran ni Sher Khan tó fẹ́ jókòó, Prakash Mehra ló darí ẹ̀, Salim Khan àti Javed Akhtar ló kọ ìtàn ẹ̀. Wọ́n wá tún un ṣe ní 2013. Ó jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Apoorva Lakhia ló darí ẹ̀, Ram Charan ló dúró níbi tí Amitabh dúró sí, Sanjay Dutt gba ti Pran, Priyanka Chopra gba ti Jaya Bhaduri, Prakash Raj wá ṣe Teja tí í ṣe bọ́ọ̀sì wọn, ìyẹn olórí àwọn ọ̀daràn. Ó ń dùn mí pé wọ́n fi irú ìtàn báyìí ṣòfò, mo sì fẹ́ sọ ohun tó bà á jẹ́ gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé wọn ò bá má tún un ṣe rárá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Títún un ṣe kọ́ ló bà á jẹ́, àṣejù àwọn òṣèré inú ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àga yẹn ná. Inspẹ́kítọ̀ Vijay ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá yẹn ni, ó ní kí wọ́n lọ pe Sher Khan wá torí ilé tẹ́tẹ́ tó ń ṣe ládùúgbò. Sher Khan wọlé bí ẹni tó ni ìlú, nítorí pé òun ló ni ín lóòótọ́, àwọn tó wà ní àgọ́ náà ṣáájú Vijay ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó fẹ́ jókòó. Ẹsẹ̀ Vijay ló kọ́kọ́ dé ìdí àga yẹn, gbà! àga ti lọ. Ó wá sọ fún un pé títí wọ́n á fi ní kó jókòó, kó rọra dúró, pé àgọ́ ọlọ́pàá nibí o, kì í ṣe ilé bàbá ẹ̀. Kó tó tapá, kò sí àmì kankan tó fi hàn wá pé ó fẹ́ tapá, òun ló jẹ́ kó já lù wá bó ṣe já lu Sher Khan. Lẹ́yìn tó tapá tán, kò tún fi nǹkan kan kún un mọ́. Ohùn ẹ̀ le, ojú ẹ̀ le, ó tán. Pran náà ò bú sí ariwo, ó wo ọmọ yìí, èèyàn á sì rí i lójú ẹ̀ pé inú ń bí i, pé ó yà á lẹ́nu, pé ó tún ti ń fẹ́ràn ọmọ yìí díẹ̀díẹ̀, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní aṣọ ìjọba ló ń gbẹnu Vijay sọ̀rọ̀, kó bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀ kó wá sádùúgbò òun, Vijay sì lọ lóòótọ́ láìwọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n jà títí ó fi rẹ àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2013, wọ́n tún ta àga yẹn. Àmọ́ gbogbo nǹkan ti ń kéde ẹ̀ kí ó tó dé, ẹni tó ń wò ó ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń bọ̀, ojú Ram Charan ti le kankan láti ìgbà tó ti wọlé, Sanjay Dutt náà ti ń wo ìwòkuwò kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan, nígbà tí àga wá fò, kò sí ibi tí ìbínú tún lè gòkè dé mọ́ torí wọ́n ti gbé e dókè látìbẹ̀rẹ̀. Ìran kan náà ni, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jọra, ó kàn kọjá lọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ní tèmi o, bọ́ọ̀sì ni gbogbo fíìmù ọ̀daràn dúró lé lórí. A mọ̀ pé ákítọ̀, ìyẹn akọni inú ìtàn, ò ní kú, ákítọ̀ kì í kú, láti kékeré la ti ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé a ti mọ ìyẹn, ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀sì nìkan lẹ̀rù ti lè wá. Ajit ló ṣe Teja ní 1973. Ọ̀gbẹ́ni tó múra dáadáa ni, kóòtù ẹ̀ ò ní rúnjú, ó ń fi eyín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé sọ̀rọ̀, bó ṣe máa pe Mona, obìnrin ẹ̀, náà ló máa fi ní kí wọ́n lọ pa èèyàn, ohùn yẹn ò ní yí padà. Ọtí ayédèrú lọkùnrin yìí ń tà. Ó ń pa ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, ó sì ń sùn dáadáa. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló jẹ́ kó burú, torí ó ń sọ fún wa láìla ẹnu ẹ̀ pé iṣẹ́ lèyí jẹ́ fún òun, pé kò sí nǹkan kan tó ń ká òun lára.

Teja ti 2013 yàtọ̀ pátápátá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń yọjú, ó ń fi ohùn ṣeré lókè nílẹ̀, gbogbo gbólóhùn ló ní ìjùwọ́ tiẹ̀, òun àti Mona tí Mahie Gill ṣe wá sọ gbogbo ìran wọn di yẹ̀yẹ́ ọ̀rọ̀ yàrá. Mo ń wò ó, mo sì ń dúró de ìgbà tí ẹ̀rù máa bà mí, kò bà mí. Ẹni tó ń ṣe tó báyìí ò ráyè pa èèyàn, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá pa èèyàn lóòótọ́ nínú fíìmù yẹn, tí wọ́n pa á ní ìpa ìkà, inú mi ò bàjẹ́ tó bó ṣe yẹ, ìyẹn sì bí mi nínú ju gbogbo nǹkan yòókù lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, Prakash Raj mọ eré ṣe ju ọ̀pọ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó lọ wo Kanchivaram, fíìmù èdè Tamil tí Priyadarshan darí, òun ló fi gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tó dára jù lọ ní Índíà fún ọdún 2007. Ahunṣọ ló ṣe níbẹ̀, ó ti ṣèlérí pé aṣọ sílíkì ni ọmọbìnrin òun máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ń san fún un ò lè ra sílíkì láéláé, ó wá ń jí òwú níbi iṣẹ́, ó ń fi pamọ́ sẹ́nu gbé jáde. Ọkùnrin tí òwú wà lẹ́nu ẹ̀, tó ń gba iwájú àwọn tó ń yẹ ara òṣìṣẹ́ wò kọjá, kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú ẹ̀ sọ nǹkan kan. Ẹ̀ ń wò ó, ọkàn yín á máa lù. Prakash Raj kan náà ni. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan mọ́ra.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọjà ló ṣẹlẹ̀. Ó ti ṣe bọ́ọ̀sì nínú Pokiri lédè Telugu ní 2006, nígbà tí wọ́n sọ fíìmù yẹn di Wanted lédè Hindi ní 2009, òun náà ni wọ́n tún pè kó wá ṣe irú ẹ̀. Nígbà tó di 2011 ó ṣe Jaykant Shikre nínú Singham, èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ kú níbẹ̀, torí bọ́ọ̀sì tó ń pariwo, tó tún ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, bá irú fíìmù yẹn mu, fíìmù tí mọ́tò ń fò lókè tí ẹ̀ṣẹ́ kan ń gbé èèyàn márùn-ún. Àwọn tó ṣe Zanjeer tuntun rí i pé ó tà, wọ́n wá lọ ra ọjà kan náà. Wọn ò bi ara wọn pé ṣé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Teja. Ó tún wá jẹ́ pé èdè méjì ni wọ́n ya fíìmù yẹn sí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pe ti Telugu ní Thoofan, Srihari ló ṣe Sher Khan níbẹ̀, ọjọ́ kan náà sì ni méjèèjì jáde, kẹfà oṣù kẹsàn-án. Lójú tèmi, nígbà tí èèyàn bá fẹ́ kí ìlú méjì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn kó gbé gbogbo nǹkan ga, kó má bàa sẹ́ni tí kò ní gbọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé eré Índíà ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Rárá o. Ẹ wo Pran. Irun pupa, irùngbọ̀n pupa, aṣọ ẹ̀yà Pathan, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó jó, ó kọrin nípa ọ̀rẹ́ (Manna Dey ló fi ohùn sí i), nǹkan tó ṣe pọ̀ o, kò kéré rárá. Àmọ́ kò sí ibì kan tí èèyàn ti máa sọ pé ó ti ṣe jù. Sher Khan fúnra ẹ̀ ló jẹ́ ẹni ńlá, ó ń fi ara ẹ̀ hàn ládùúgbò nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jẹun, tó bá sì tó àkókò kó dákẹ́, Pran á jẹ́ kó dákẹ́. Àwa Yorùbá náà mọ eré ńlá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa. Àwọn tó ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú, kí ohùn wọn lè dé etí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e sókè, wọ́n gbọ́dọ̀ lo gbogbo ara. Orí ìtàgé nìyẹn, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. Kámẹ́rà sún mọ́ ojú ju bí ìyàwó ẹni ṣe ń sún mọ́ ọn lọ, ohun tó bá sún díẹ̀ báyìí, ó máa rí i, kò nílò ariwo.

Ìran kan wà nínú ti 1973 tí mo máa ń fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn fíìmù yẹn. Mala, tí Jaya ṣe, ń pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò ni, ó ń polówó, ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀bẹ òun mú kó gbé e wá. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mọ́tò kan pa àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn èèyàn Teja wá fún un lówó kó lè gbàgbé, ó sì gbà á, torí ebi. Vijay ì bá ti pariwo mọ́ ọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó mú un lọ síbi tí òkú àwọn ọmọ yẹn wà kó fojú ara ẹ̀ rí wọn. Ibẹ̀ ló ti yí ọkàn padà. Lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ìkà bẹ̀rẹ̀ sí í lépa ẹ̀, tó sá sílé Vijay, àwọn olórin ojú pópó méjì wá ń kọrin ìfẹ́ nísàlẹ̀ ilé, ọ̀kan nínú wọn ni Gulshan Bawra tó kọ orin náà gan-an. Ohùn Rafi àti Lata, àwọn akọrin fíìmù Índíà, la ń gbọ́. Vijay àti Mala ò kọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń gbọ́, wọ́n ń wo ara wọn díẹ̀, wọ́n ń gbójú kúrò. Fíìmù Índíà nígbà yẹn, kí ákítọ̀ má kọ orin kankan! Nǹkan ńlá ni o. Ìfẹ́ wọn wá wọ̀ wá lára ju tàwọn tó ń sá kiri inú òdòdó lọ, nígbà tí Amitabh àti Jaya sì gbé ara wọn níyàwó lóòótọ́ lóṣù kẹfà ọdún yẹn, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Mala ti 2013 wá láti New York, ó wá síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ tó mọ̀ lórí Facebook, ibẹ̀ ló ti rí ìpànìyàn. Ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní wàhálà pẹ̀lú ìyẹn. Àmọ́ wọ́n ní kí Priyanka máa fò sókè sódò, kó máa rojọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú rí bí wọ́n ṣe pa èèyàn, tí wọ́n sì ń wá òun náà láti pa, ń ṣe bí ẹni tó wá lo ọlidé. Mo wò ó, mo ní háà.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ epo. Nínú fíìmù tuntun yìí, wọn ò ní kí Teja ta ọtí mọ́, wọ́n sọ ọ́ di olórí àwọn tó ń ṣe àdàmọ̀dì epo, èyí sì gbọ́n púpọ̀, mo kan sáárá sí ẹni tó ronú kàn án. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ní Índíà gan-an ni. Lọ́jọ́ 25 oṣù kìíní 2011, nítòsí Manmad ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Yashwant Sonawane ká àwọn kan mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó epo, wọ́n dáná sun ún lọ́sàn-án gangan. Lọ́sàn-án gangan! Àwa tí a wà ní Nàìjíríà ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí fún wa, ẹni tí mọ́tò ẹ̀ gba epo tí methanol pọ̀ jù nínú ẹ̀ ní oṣù kejì 2022 mọ̀ ọ́n, ẹni tí sítóòfù kẹrosíìnì ti bú gbàmù nílé ẹ̀ mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn tó yẹ kó mú èèyàn dákẹ́ nìyí. Ká sọ pé wọ́n fún wa ní Teja kan tó jókòó sídìí ìwé ìṣirò owó ẹ̀, tó ń ka iye jálá tó tà, tó gbọ́ pé wọ́n ti sun òṣìṣẹ́ ìjọba níná, tó ní ó dáa, tó sì ń ka ìwé ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ì bá bà mí títí di òní.

Ní 1973 ẹnì kan wà tó ń pe Vijay lórí fóònù láti tú àṣírí ọtí ayédèrú yẹn, De Silva ni wọ́n ń pè é, Om Prakash ló ṣe é. Apanilẹ́rìn-ín ni gbogbo ayé mọ Om Prakash sí. Àwọn ọmọ De Silva ló mu ọtí Teja tí wọ́n kú. Bó ṣe sọ ọ́ fún Vijay, bí bàbá tó ti sunkún tán ló ṣe sọ ọ́. Ìgbà téèyàn bá rántí bí Ajit ṣe ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ nínú ọ́fíìsì ẹ̀, tó tún gbọ́ bí bàbá yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, èèyàn á mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ méjì ló ń bá ara wọn jà. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì.

Ram Charan ńkọ́? Wọ́n bú u kárí Índíà lọ́dún yẹn pé ojú kan ṣoṣo ló ní. Mo rò pé ojú líle látìbẹ̀rẹ̀ dópin náà, àṣejù ni, bí kò tiẹ̀ pariwo. Ẹni tí inú bá ń bí ní gbogbo ìgbà, a ò ní mọ ìgbà tí inú ẹ̀ bàjẹ́. Amitabh rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀ nínú tiẹ̀, ó sì kọ́ wa pé ọmọ tó sá sínú kọ́bọ́ọ̀dù lálẹ́ ọdún Diwali, tó rí ọwọ́ ẹni tó pa bàbá àti ìyá ẹ̀ tí ṣéènì ẹlẹ́ṣin wà lọ́rùn ọwọ́ náà, ṣì wà nínú ọlọ́pàá yìí. Kì í ṣe pé Ram Charan ò ní i nínú o. Nígbà tí fíìmù RRR dé ní 2022, a rí i tó ń ṣe ọlọ́pàá tó gbé ẹrù ńlá pamọ́ sínú, tó ní láti na ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní pàṣán lójú gbogbo ayé, tí omi sì dé ojú ẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ já bọ́. Bí wọ́n bá ti bi í léèrè irú ẹ̀ ní 2013, ì bá fún wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá olùdarí wí ju òṣèré lọ. Òun ló ń sọ pé ó tó.

Ẹni tó bá sì ń tún fíìmù olókìkí ṣe, iṣẹ́ yìí tún ṣe pàtàkì sí i fún un, torí gbogbo wa la ti mọ ìtàn. A mọ ẹni tó pa bàbá Vijay. A mọ̀ pé Sher Khan máa di ọ̀rẹ́. Ohun tuntun kan ṣoṣo tó kù tí a lè tìtorí ẹ̀ sanwó ni ojú àwọn tuntun yìí, ohun tí wọ́n mọ̀ tí àwọn àkọ́kọ́ ò mọ̀. Ọdún kan ṣáájú, ní 2012, wọ́n tún Agneepath ṣe, fíìmù Amitabh míì, ti 1990, Karan Malhotra ló darí tuntun yẹn. Wọ́n fún Rishi Kapoor ní ipò Rauf Lala tó ń ta ọmọbìnrin kéékèèké, Rishi Kapoor tí gbogbo ayé mọ̀ sí olólùfẹ́ alẹ́wà, tó ti ń fi súwẹ́tà kọrin láti ìgbà èwe ẹ̀. Rauf Lala yẹn ò kéré, ó ń bú, ó ń halẹ̀, àmọ́ ara àgbàlagbà tó ti ń sanra, ìrìn ẹ̀, bó ṣe ń wo àwọn ọmọ yẹn bí ẹran lọ́jà, gbogbo ẹ̀ dá mi lójú. Sanjay Dutt wà níbẹ̀ náà, ó fá orí, ó ṣe Kancha Cheena, ìgbà tí òun bá ń gbé e ga jù ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n padà sọ́dọ̀ Rishi. Fíìmù tí wọ́n tún ṣe ni, ó sì dáa. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ti pé wọ́n tún un ṣe ló bà á jẹ́.

Salim Khan àti Javed Akhtar gbé ọ̀rọ̀ Zanjeer tuntun lọ sí kóòtù kó tó jáde, torí ẹ̀tọ́ wọn lórí ìtàn náà. Ẹ̀tọ́ wọn ni lóòótọ́, àwọn ló kọ ọ́, àwọn náà ló sì jà nígbà tí wọ́n ń kọ fíìmù kí orúkọ òǹkọ̀wé tó máa hàn lórí pátákó sinimá. Àmọ́ ohun tí àwọn tó ṣe fíìmù tuntun gbà lọ́wọ́ wọn ò ju ìwé lọ, mo rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ajit àti Pran àti Amitabh fi sínú ìwé yẹn, kò sí adájọ́ tó lè ní kí wọ́n dá a padà, torí wọn ò tiẹ̀ mú un rárá. Tí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ ṣe Zanjeer lẹ́ẹ̀kẹta, ọtí ni o, epo ni o, oògùn ni o, kó kọ́kọ́ lọ wá Teja tó lè jókòó níwájú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú kan gbáko láìṣe nǹkan kan, kó sì gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó bá fẹ́ sọ fún un pé kó rẹ́rìn-ín ìkà díẹ̀ sí i.